Ẹsẹ̀ Lásán Nínú Ilé Àtijọ́

Bọ̀dá Olúkáyọ̀dé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló ń ṣọ́ ilé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ní Barking, nílùú òyìnbó. Láìwọ bàtà ló máa ń rìn níbẹ̀, bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè kan, olè wọlé, ó ń fi irin tú ilẹ̀kùn tó ti lé ní irínwó ọdún. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá rárá! Àfi gbàmù tí Bọ̀dá gbá a mú lọ́rùn.

"Fi mí sílẹ̀, màá pa ẹ́!"

"Pa mí ná! O ò ní gbé ilẹ̀kùn yìí lọ."

Irin fọ́ Bọ̀dá lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò tú ọwọ́. Ó la olè náà mọ́lẹ̀, eyín fò yọ!

Nígbà tí ọlọ́pàá sáré dé, Bọ̀dá ṣì jókòó lé olè lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ò kúrò láyè rẹ̀. Ó kígbe mọ́ wọn, "Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín."