Aṣọ Tí Rán-má-wọ̀n Rán

Ohùn tí Ìyá Télọ̀ gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Bàbá Télọ̀ dúró níwájú dígí ní yàrá ìránṣọ, ó wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, wá wò mí! Mo dà bí àpò ìrẹsì tí wọ́n so lọ́rùn!" Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá ti sùn lórí àga, kò sì jí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìdí rẹ̀. Bàbá Télọ̀ mọ aṣọ rán, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá yà bíńtín, yóò tú gbogbo rẹ̀. Ó rò pé bí ọ̀nà ọ̀run náà ṣe rí nìyẹn. Òun ló ń gbá ilé ìjọsìn, òun ló ń to àga. Bí ó bá jágbe mọ́ oníbàárà láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gbálẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wá ń rán kóòtù funfun kan tó fẹ́ wọ̀ lọ síwájú Olúwa. Bí ó bá hùwà rere, á rán díẹ̀ sí i. Bí ó bá ṣẹ̀, á tú u. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, títú pọ̀ ju rírán lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ọkùnrin yìí ò ní sinmi títí yóò fi kú.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ wàásù pé, "Ìgbàlà, aṣọ tí Jésù ti rán sílẹ̀ ni. Ẹ ṣáà gbé e wọ̀!"

Bàbá Télọ̀ nawọ́ sókè. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọ̀n mí?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó dá yín ni, bàbá."

"Ó dáa. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbà á wọlé díẹ̀ níbàdí?"

Ìyá Télọ̀ fi gèlè bojú.

Kò pẹ́ ni àga tó ń tò wó lù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Dókítà fi símẹ́ńtì funfun dì í gbagidi. Kò lè ránṣọ, kò lè gbálẹ̀. Ẹ̀wù kankan ò gba ọwọ́ náà. Ìhòòhò ló ń jókòó láti ìbàdí sókè. Ó ń sunkún bí ọmọdé: "Ọ̀run ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ta ló wá wọlé? Rán-má-wọ̀n ni, télọ̀ òdìkejì títì, tí kì í lo téèpù láéláé. Á dijú kan, á fi èkejì wò ọ́, ó ti gé aṣọ nìyẹn. Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá Télọ̀ ti ń sọ fáráyé pé ẹni tó bá fẹ́ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù yín rèé."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Kí ni mo ṣe fún ọ rí?"

"Èébú ni. Àárọ̀ àti alẹ́."

"Kí ni kí n wá ṣe padà?"

"Ẹ gbé e wọ̀."

Bàbá fi ọwọ́ òsì wá téèpù. Ìyá Télọ̀ já a gbà, ó jókòó lé e. "Ẹ ò ní wọn nǹkan kan lónìí!"

Bàbá wọ̀ ọ́. Ọwọ́ òsì ẹ̀wù náà kò kọjá ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Símẹ́ńtì wọlé wẹ́rẹ́. Bàbá fi ọwọ́ òsì pa ẹ̀wù náà lára. Ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mi ò ṣe nǹkan kan, aṣọ sì wà lọ́rùn mi. Ṣé bó ṣe rí náà nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ló lọ síwájú dígí, tó ní kí ìyàwó òun wá wo òun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, àwọn ọmọ gbé kóòtù funfun wá. Ìyá Télọ̀ ní kí wọ́n gbé e padà, èyí tó wọ̀ sùn ni yóò wọ̀ lọ.

Kóòtù náà ṣì wà lórí máṣíìnì. Kò tíì ní ọwọ́ ọ̀tún.