Ṣọ́ọ̀bù Màmá Lójú Ọ̀nà Reluwé

Lọ́dún tí wọ́n ti bodè pa, gbogbo ẹni tó bá wọ búùtù ní Ayétòrò, aṣọ́bodè ni lójú wa. Àpò ìrẹsì Kùtọnú mẹ́rin péré ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù Màmá mi, a sì fi àpò gàrí bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Rédíò ti ń pariwo pé ìjọba fẹ́ la ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó, pé èèyàn á jẹun àárọ̀ nílé, á sì débi iṣẹ́ kí oúnjẹ náà tó dà nínú rẹ̀. Èmi tíṣà yìí gan-an ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin mẹ́ta já dé pẹ̀lú búùtù lẹ́sẹ̀ àti ìwé lọ́wọ́, ta ló rántí rédíò?

Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Èmi kọ́ o." Màmá ti ń sún àga kúrò níwájú ilẹ̀kùn. "Oòrùn ló ń pa mí tí mo fi jókòó síbí."

Wọ́n bi mí. Mo fi Bíbélì búra pé mi ò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n bi aránṣọ tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wa, òun náà búra pé òun ò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣí i rí. Kọ́kọ́rọ́ sì ń dún lábẹ́ ìró Màmá bó ṣe ń sún àga náà lọ.

Inú ọ̀gá náà dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé aránṣọ ni ojú irin ì bá gbà kọjá. Nígbà tí èyí ò ti lẹ́ni tó ni ín, a ó wó o, a ó gba ibẹ̀."

Aránṣọ tún sáré búra lẹ́ẹ̀kejì. Ìkà èèyàn!

"Wó" nìkan ni Màmá gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó dìde fùú. "Ẹ wó kí ni? Ṣọ́ọ̀bù tí mo fọwọ́ ara mi po sìmẹ́ńtì rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi kú!" Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ṣílẹ̀kùn gbàgà, ó wọ́ àwọn àpò gàrí dànù. Mo dijú. "Ìrẹsì náà rèé. Ẹ kó gbogbo ẹ̀. Ẹ mú èmi náà lọ bó bá wù yín. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù mi."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. "Màmá, kí la fẹ́ fi ìrẹsì ṣe? Ilẹ̀ la wá wọ̀n fún reluwé."

Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Màmá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí ọ̀gá náà kọ orúkọ òun sínú ìwé yẹn lójú òun. Ọ̀gá náà mú pẹ́ńsùlù. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bírò," ló wí.