Sàráà tí Ìyá Òkukù Jẹ ní Íńdíà

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún orúnkún mi méjèèjì lágbára láti gun ọkọ̀ àti láti sọ̀ kalẹ̀, tó pa mí mọ́ lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ ti pọ̀ ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ, tó sì jẹ́ kí n padà wá bá ilé mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ó ṣì rẹ̀ mí bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò lè pa ọpẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo kúrò nílé ní Ìkìrun. Ọ̀yẹ́ ti mú, ètè mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, mo sì ro ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí n padà sórí ibùsùn. Ìyá Òkukù ni kò jẹ́ kí n padà. Àbúrò ìyá mi ni, òun nìkan ló sì kù láàyè nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tu owó jọ, wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà fún iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́run ṣe é, ó yè. Nígbà tó dé, ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó sọ nípa opó àgbàlagbà kan, ẹlẹ́sìn Híńdù, tí wọ́n gba yàrá nílé rẹ̀ nítòsí ilé ìwòsàn, pé àràárọ̀ ni opó náà ń fún òun ní sàráà. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn ni ọ̀dọ́ kan tó máa ń ka nǹkan lórí fóònù wá sọ pé oúnjẹ òrìṣà ni Ìyá ń jẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Wọ́n ní kí Ìyá dúró níwájú ìjọ kó jẹ́wọ́, kó sì kọ obìnrin náà àti oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ní òun kò jẹ oúnjẹ òrìṣà, sàráà ni òun jẹ. Ni wọ́n bá ní kó dúró ná, kó má gba ara Olúwa. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ rí ènìyàn mọ́. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó kú nígbà tí wọ́n ṣì lé e kúrò nídìí tábìlì Olúwa. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ẹrù mi.

Kòròpé ni mo wọ̀, bọ́ọ̀sì kékeré tí orúnkún ẹni máa ń kan àgbọ̀n ẹni nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà dé Ìníṣà báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò gùn ju bó ṣe wà nígbà tí a ń san ọgọ́rùn-ún lọ. Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní Ìníṣà jókòó tì mí. Ó bi mí ibi tí mò ń lọ, mo sì ro ẹjọ́ Ìyá fún un.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni tíṣà wí. "Orísun kan náà ni àwa àti àwọn Híńdù ti ṣàn wá. Mẹ́ta ni tiwọn: Bráhmà tó dá ayé, Fíṣínù tó ń tọ́jú rẹ̀, Ṣífà tó ń tú u ká. Àwa náà ní Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Tiwọn sọ̀ kalẹ̀ wá di ènìyàn, tiwa náà sọ̀ kalẹ̀. Kí wá ni orúkọ ẹni tiwọn? Kríṣínà. Tiwa ńkọ́? Kristi. Ṣé ẹ rí i?"

"Tíṣà, ẹ rọra o," ni awakọ̀ ké láti iwájú. "Ẹ má sọ ọkọ̀ mi di ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní igbá ọrẹ."

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà kí n tó kúrò nílé, torí náà mo dá tíṣà lóhùn. Mo ní Kristi, ní èdè Gíríìkì, ni ẹni tí a fi òróró yàn. Kríṣínà, ní èdè àtijọ́ ti Íńdíà, ni ẹni dúdú. Etí ló mú wọn bára tan, ìtumọ̀ kò mú wọn bára tan. Mo ní àwọn mẹ́ta tiwọn pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan ni Mẹ́talọ́kan tiwa. Àwọn Híńdù sì gbà pé Fíṣínù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa gbà pé Ọmọ Ọlọ́run wá di ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ̀sìn tiwọn ló kọ́kọ́ wà, Màmá," ni tíṣà wí. "Ẹni tó kẹ́yìn ló ń kọ́ nǹkan."

Mo kọjú sí awakọ̀. "Dírẹ́bà, kí ni orúkọ rẹ?"

"Òjó ni, mà."

"Òjó mìíràn wà ní Ìníṣà?"

"Ó wà ní gáréèjì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fi wé mi. Ṣé ẹ ti rí ojú ẹ̀?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá ta nínú ẹ̀yin méjèèjì ló wá kọ́ bàbá ẹnìkejì ní orúkọ náà?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. A gbé e wá látọ̀run ni. Ìwọ́ ló kọ́ mi lọ́rùn wáyé, tòun náà sì rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́. Kì í ṣe bàbá kan náà ló bí Òjó méjèèjì. Bí wọ́n ṣe wáyé ló jọra."

Tíṣà di àga mú bí a ṣe ń kọjá kòtò kan. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bí a bá padà sẹ́yìn dáadáa, Màmá, ṣebí ọmọ Ádámù ni àwọn méjèèjì?" Mo ń wá èsì rẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, n kò tíì rí i.

Ní Ìníṣà, mo kọ́kọ́ yà sí ilé àlùfáà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń bójú tó ìjọ ibẹ̀ àti ti Òkukù pọ̀. Bí mo ṣe ń dúró kó wẹ̀ tán, mo jẹ àkàrà pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù lórí pèpéle. Ó jáde wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ torí ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túra.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, Màmá," ni ó wí. "Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé kí a jẹ ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú wa, kí a má béèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé wọ́n ti fi bọ òrìṣà, kí a má jẹ ẹ́. Ṣé wọ́n sọ fún Ìyá, àbí wọn kò sọ?"

"Bí wọn kò bá sọ ńkọ́, Ẹni Ọ̀wọ̀?"

"Kò sí ohun tí yóò jẹ́wọ́."

"Bí wọ́n bá sọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Á dúró níwájú ìjọ, Màmá."

Mo gbé ìbéèrè náà lọ sí Òkukù bí ẹni tó ru omi kíkún. Àárín àpò gàárì àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ni mo há sí nínú ọkọ̀ kejì. Nígbà tí mo sọ̀, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbà pé tèmi ni òun.

Ìyá wà lórí àga rẹ̀, aṣọ òtútù ló fi bo orí. Mo kúnlẹ̀.

"Àṣàkẹ́, ṣé àwọn ará ìjọ ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi, Màmá."

"Ó dáa. Dìde, orúnkún rẹ ń dún."

Mo ní kó ròyìn ilé opó náà fún mi. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni obìnrin náà ti máa ń wẹ̀, tí á bọ́ bàtà, tí á tan fìtílà, tí á sun tùràrí, tí á lu agogo kékeré ní igun ilé. "Bí ti àwọn Aládùúrà ẹ̀yìnkùlé wa gẹ́lẹ́. Wọ́n tún máa ń fi eérú sí iwájú orí bíi tiwa ní Ọjọ́rú Eérú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé oúnjẹ wá fún mi."

"Ṣé wọ́n sọ irú oúnjẹ tó jẹ́ fún yín?"

"Wọ́n sọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́."

Mo tẹ̀ síwájú. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní sàráà ni."

"Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, Màmá?"

"Yorùbá kẹ̀? Èdè wọn ni. 'Pírásáà, pírásáà.' Bí ahọ́n tiwọn ṣe gbé e nìyẹn. Ṣebí àwọn Mùsùlùmí ń pè é ní sàdákà nígbà mìíràn? Sàráà náà ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ sàráà: oúnjẹ tí ènìyàn ń sè nítorí Ọlọ́run tó sì ń pín fún aládùúgbò. Ní ìlú wa, Mùsùlùmí ń ṣe é, Aládùúrà ń ṣe é, ọmọ ìjọ wa náà kì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí opó náà ń pè ni pírásáàdì: oúnjẹ tí àwọn Híńdù ń kọ́kọ́ gbé síwájú ère òrìṣà wọn, tí wọ́n á wá pín gẹ́gẹ́ bí oore-ọ̀fẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ó wù mí kí n dákẹ́. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un.

Ìyá ṣí aṣọ òtútù kúrò lórí. "Iwájú òrìṣà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n wá fà mí lé òrìṣà náà lọ́wọ́?"

"Rárá o. Ohun tó dára jù lójú wọn ni wọ́n fi ń tọ́jú yín."

Ó nu ojú rẹ̀. "Sẹ̀mó ni o. Wọ́n á fi ṣúgà àti bọ́tà rò ó. Mo ń jẹ ẹ́ tán kí ojú má bàa tì wọ́n. Àṣàkẹ́, sẹ̀mó oníṣúgà!" Ẹ̀rín gbá wa mú títí tó fi di àyà rẹ̀ mú, ẹ̀rù sì bà mí.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí mo bá mọ̀ ni, n kì bá jẹ ẹ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Àlùfáà. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró níwájú ẹnikẹ́ni láti pè wọ́n ní ẹni ibi. Bí mo bá wúkọ́ lóru, àwọn ni wọ́n ń dìde wá wò mí. Bí ìyẹn yóò bá gba ara Olúwa lọ́wọ́ mi, kó gbà á."

Oòrùn ti mú nígbà tí mo padà dé Ìníṣà. Mo ro gbogbo rẹ̀, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Nígbà tí mo dé ibi 'pírásáà', àlùfáà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n sọ fún un, kò sì gbọ́," ni ó wí. "Etí Òkukù ló fi gbọ́ Íńdíà. A kò bi í léèrè kí a tó dá a dúró." Ó wọlé, ó gbé àpótí oúnjẹ Olúwa jáde. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Bí a bá dúró de ọjọ́ Àìkú, ẹnu á tún pọ̀ sí i."

Òkukù lẹ́ẹ̀kejì! Mo fẹ́ sunkún. Mo wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Lójú ọ̀nà, ó ní òun ń ro ti Ìkórè, bí a ṣe ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú pẹpẹ, tí a tún ń kó o lọ sílé lọ jẹ tayọ̀tayọ̀. Ó ní ibi tí a gbé e sí ló yàtọ̀, ebi Ọlọ́run tó mú wa gbé e lọ síbẹ̀ kò yàtọ̀.

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá kó tó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. A gbàdúrà. Nígbà tó na búrẹ́dì mímọ́ náà sí i, Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ dúró ná, Àlùfáà. Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, àmọ́ kò sí àwàdà lójú rẹ̀. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Ara Olúwa wa Jésù Kristi ni, tí a fi fún yín."

"Ẹ tún un pè."

Ó tún un pè, ketekete.

"Mo gbọ́," ni Ìyá wí, ó sì la ẹnu.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìkìrun, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n tó lè wọlé. N kò mọ ẹni tó kọ́ ti ẹnìkejì láàárín wa àti àwọn ará Íńdíà. Mo gbọ́ pé àwọn Kristẹni kan wà níbẹ̀ tó gbà pé Tọ́másì àpọ́sítélì fúnra rẹ̀ ló gbé ìyìn rere dé èbúté wọn, nítorí náà ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ohùn ara wa. Kristi ni ọ̀nà tèmi, n kò yà kúrò níbẹ̀. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ni pé ohun méjì lè jọra kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó sì yàtọ̀ sí mi kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá mi.

Ìwọ tí o kà á dé ibí, kí Olúwa fún ọ ní etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Kí o má ṣàìsàn ní ilẹ̀ àjèjì, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí o rí ẹni tí yóò dìde lóru wá wò ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lé ọ kúrò nídìí tábìlì Baba rẹ. Àmín.