Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Yàrá Ṣadé

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́ yẹn, mo rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n mú mi wá. Gàrí ni mo ń yan ní abúlé Ibido tẹ́lẹ̀, kí èéfín tó lé mi, tí wọ́n wá ní kí n máa dáná ní ilé kan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù máa ń sá wá. Ògiri ga bí igi ọ̀pẹ. Irin ló wà lójú fèrèsé. Yàrá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà ló ní kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aláàánú èèyàn ni: ó fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀, ó bá há wọn mọ́lé.

Ṣadé dé láti Ògèrè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n fún un ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì. Ó dúpẹ́, ó sì lọ tẹ́ ẹní sí fàráńdà. Òjò ń rọ̀ sí i lára. Alága gbọ́, ó ní bí kò bá lè sùn nínú yàrá, kó máa padà sílé ọkọ rẹ̀, ẹlòmíràn ń wá àyè. Ṣadé ò janpata. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bùsáyọ̀ dé, ọmọbìnrin tó máa ń yàwòrán ilé. Ó ní òun fẹ́ tún ilé náà ṣe kí ọkàn tó gbọgbẹ́ lè rí ìsinmi níbẹ̀, àti pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni yóò sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Mo ní, “O ṣeun o, ọmọ mi. Ilé náà ti di nọ́ọ̀sì.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì, Màmá. Kí ilé ṣáà má dí yín lọ́wọ́ ni.”

Ó kó àwọn obìnrin náà jọ sí pálọ̀, ó mú bírò, ó bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan kan, àfi ọpẹ́. Ọpẹ́ náà pọ̀ débi pé ó sú Bùsáyọ̀, ó bá wá jókòó tì wá ní ibi tí a ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ wá wo bíbó! Ó ń rún ẹ̀gúsí bí ẹni ń rún ata. Àwọn obìnrin fi í ṣẹ̀sín títí, ẹ̀rín yẹn ló sì tú wọn lẹ́nu.

Ṣadé ò gbójú sókè. Ó ní, “Yàrá ọkọ mi náà, ilẹ̀kùn kan ló ní. Ẹnu ẹ̀ ló máa ń dúró sí.”

Bùsáyọ̀ gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó mú bírò.

Bùsáyọ̀ ní, “Tí a bá lu òmíràn sí ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ṣé èmi ni n ó máa tì í láti inú?”

“Ìwọ ni.”

Nígbà tí Alága gbọ́, ó ta kìjí. “Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Kí olè lè ráyè wọlé?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Alága. Olè tó ja àwọn wọ̀nyí, ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń gbà wọlé, àwọn ará ilé sì ń kí i káàbọ̀.”

Bùsáyọ̀ fi sùúrù ṣàlàyé pé inú àgbàlá tí ògiri yí ká ni yóò ṣí sí. Alága gbà, àmọ́ ó ní òun lòun máa ṣí i. Ṣadé ní òun á dúró rí i, ṣùgbọ́n kò tú ẹrù.

Nígbà tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà tán, Alága kó onífọ́tò wá, ó di sísọ̀sì mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò tíì rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n so ríbọ́nù mọ́. Ó gé e, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó taari ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó kànkùn.

“Ta ni?” Ṣadé ló wà nínú ilé.

“Alága ni!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Ọmọ ń mu ọmú.”

Ó dúró nínú oòrùn, tòun ti sísọ̀sì. Mo ní kí onífọ́tò yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ṣadé wá ṣí i, mo na ọrùn wo inú yàrá. Aṣọ ọmọ ti wà lórí okùn, àpò ẹrù sì ti ṣófo.