Ìròyìn Tí Mo Gbé Wọ Thamesmead

Oòrùn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kì í ṣe aago. Ó tó oṣù márùn-ún tí mo ti rí i kẹ́yìn nínú yàrá mi ní Woolwich, ní London. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sára ògiri níbi tí ọ̀rinrin ti sọ ọ́ di dúdú, ó sì fi gbogbo eruku orí tẹlifíṣọ̀n mi hàn mí. Mo ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tó wọlé tutù bí omi inú fìríìjì, mo yáa tì í padà. Bí oòrùn ibẹ̀ ṣe máa ń rí lóṣù kẹta nìyẹn: ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ooru nínú. Àwa tá a ti ilé wá kì í kọ́gbọ́n. Lọ́dọọdún, ọjọ́ tó bá ti kọ́kọ́ yọ, a ó bọ́ kóòtù sílé, a ó sá aṣọ síta, ikọ́ la ó sì gbà lérè.

Mo ń rò ó lọ́wọ́ bóyá kí n fọ kóòtù mi ni tẹlifóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ni. Àbúrò Auntie ni. Auntie yìí ni mo kọ́kọ́ dé sílé rẹ̀ nígbà tí mo wọ London. Ọkùnrin náà kò pè mí rí. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè òtútù, ó béèrè ara mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti mọ̀ pé òkú ló ń yí po. Ó ní ìyá àwọn kú lánàá, ọjọ́ Friday, wọ́n sì ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí.

"A ò lè sọ ọ́ fún Auntie yín lórí fóònù," ó ní. "Ìwọ lo sún mọ́ wọn jù níbẹ̀ yẹn. Jọ̀ọ́, fọgbọ́n tú u fún wọn. Ká lè jọ ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí àwọn náà ṣe tiwọn lọ́hùn-ún."

Ọjọ́ kẹjọ. Bó ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi sì dùn. Mi ò ní tìtorí kí ẹ lè pè mí lọ́mọlúàbí kí n wá purọ́ nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní kí ọkùnrin náà fọkàn balẹ̀, mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé màá ṣe é.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í ju òkú ìyá lu ọmọ lójijì. Ẹni tó sún mọ́ ọmọ náà ni wọ́n ń rán. Onítọ̀hún á lọ bá a, á ní kó jókòó, á máa fi ọ̀rọ̀ lọ́ ọ lọ́ ọ títí yóò fi yé e, á sì wà níbẹ̀ láti dì í mú nígbà tó bá bú sẹ́kún. Nígbà tí ìyá tèmi kú, Auntie ni wọ́n rán. Ilé rẹ̀ ni mo ń gbé. Ọjọ́ Friday tí wọ́n sin ín gan-an ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ ṣílé, ilé tuntun tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà ní Thamesmead, èmi sì ni alásè. Ó bá pa ẹnu mọ́. Mo bẹ́ ẹran, mo bó àlùbọ́sà, mo gúnyán títí apá mi fi wú. Lọ́jọ́ kẹjọ, tí gbogbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú jókòó sídìí àdúrà ìyá mi, èmi ń fọ ìkòkò, mo ń kọrin. Lọ́jọ́ ìṣílé, Auntie fà mí lọ́wọ́ sáàárín èrò, ó ní kí n jó fún òun. Mo jó. Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ń jó.

Ọjọ́ Sunday ló tó sọ ọ́, níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọkàn mi dàrú ni. Ó wá fọwọ́ lù mí léjìká. "Ó dáa, o lè sunkún báyìí," ó ní. "Gbogbo nǹkan ti finish."

Mi ò sunkún. Mo kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo sì fi gbólóhùn yẹn sínú fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ń kí i lọ́dún, mo ń kúnlẹ̀ fún un, mò ń pè é ní Auntie, kò sì sígbà kan tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ ti rí i pé "ó" ni mò ń pè é nínú ìwé yìí dípò "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Torí náà, mo ti ṣe ìpinnu kí omi tíì mi tó hó. Ọjọ́ kẹwàá ló tó sọ fún mi. Èmi náà yóò sọ fún un lọ́jọ́ kẹwàá, mi ò ní fi ọjọ́ kan lé e, mi ò ní yọ ọ̀kan kúrò. Ṣùgbọ́n ojú mi ń fẹ́ rí i. Mo fẹ́ lọ jókòó tì í kí n máa wo ojú ẹni tí kò mọ̀ pé òun ò ní ìyá mọ́, bó ṣe wo tèmi fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án.

A kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo. Mo ra ọsàn mẹ́fà lọ́jà Woolwich. Gbogbo ayé ti jáde tán. Òyìnbó kan wọ ṣòkòtò péńpé ní ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n kuku, èmi sì wọ súwẹ́tà méjì. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọjọ́ náà dára. Mo ní ó dára gan-an ni. Ó ní lóru ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti aago gbogbo ìlú síwájú ní wákàtí kan, kí n má gbàgbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní èmi kì í gbàgbé nǹkan. A gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh kọjá, mo sì rò ó nínú ara mi pé àwọn kan wà lẹ́yìn ògiri yẹn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò tó ti Auntie. Lẹ́yìn náà la bọ́ sí Thamesmead, níbi tí ẹṣin méjì ti ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà, tí òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò sì hù sábẹ́ afárá.

Auntie wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò lọ síṣẹ́, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì kéwú. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà lórí okùn, ìró àdìrẹ kan tó ti gbó, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀, oòrùn yẹn ṣì ń tàn án jẹ.

Mo kúnlẹ̀. Ó wo gate lẹ́yìn mi kó tó dáhùn.

"Ìwọ nìkan lo wá?"

"Èmi nìkan ni, Auntie."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Mo ní off lónìí ni, mo ní kí n yà kí yín."

A wọlé sí kíṣìn. Ó tan kettle. Ó béèrè iṣẹ́ mi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sọ fún un. Kettle hó, ó pa ara rẹ̀, Auntie kò da omi. Ó tún un tàn.

"O ti gbúròó ilé?"

"Rárá o," mo ní. "Àlàáfíà ni wọ́n wà, inshallah."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ó dùn. Mo bó ọsàn kan fún un, mo pín in sí wẹ́wẹ́, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ń sọ nínú ara mi pé: jẹun, ọmọ aláìníyàá, jẹun. Ó tún tan kettle náà lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òyìnbó oníṣòkòtò péńpé fún un, mo sọ ti aago, mo sọ ti ẹṣin. Mo pa á lẹ́rìn-ín, àbí mo rò pé mo pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ti yó, mo dìde.

"Auntie, bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ dé."

"Má tíì lọ."

"Ẹ má worry, màá tún yà."

"Gbọ́," ó ní, kò sì wo ojú mi, "wọn ò rán ẹ níṣẹ́ kankan sí mi láti ilé?"

Mo ní wọn ò rán mi níṣẹ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

"Mo pe ilé lánàá," ó ní. "Ayálégbé kan ló gbé fóònù. Tuntun ni, kò mọ ohùn mi. Mo ní kó bá mi pe Màmá. Ó ní, 'Ha, Màmá tẹ́ ẹ̀ ń béèrè, wọ́n ti sin wọ́n lọ́sàn-án yìí. Ta ni kí n sọ pé ó pè?'"

Mi ò lè yí ojú padà.

"Mo pa fóònù dé. Mi ò tíì sọ fún Daddy àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n máa rán, mo ní kí n dúró dè ẹ́. Mo fọ ìró tí Màmá fi gbé mi jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Nígbà tí mo rí ẹ ní gate, mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti dé. Mi ò tíì sunkún. Mo ń dúró kó o sọ ọ́."

Inú bí mi. Títí dòní ni inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ẹ̀san yẹn, mi ò rí i lò fún odindi ọjọ́ kan. Gbogbo ìgbà tí mo jókòó tì í tí mò ń wo ojú rẹ̀, òun ló ń wo tèmi. Mo yí padà. Ó dúró sídìí kettle, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, awẹ́ ọsàn wà nínú ọ̀kan.

Mo ṣì ní òkúta kan lọ́wọ́, mo sì jù ú. Mo sọ ọ́ ketekete, bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an, kó lè mọ ibi tó ti wá.

"Ó dáa, ẹ lè sunkún báyìí, Auntie. Gbogbo nǹkan ti finish."

Ó ṣubú síwájú. Kí n tó mọ̀, mo ti fi àyà gbà á, ìwúwo rẹ̀ gbé àwa méjèèjì wọlẹ̀, igbe tó ké sì lè dé ibi tí àwọn ẹṣin wà. Mo dì í mú. Kò sẹ́ni tó dì mí mú nígbà tèmi. Ó di súwẹ́tà mi mú gírí, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra sí mi lọ́rùn, mo ní láti tẹ́tí kó tó yé mi.

"O ṣeun," ló ń sọ. "O ṣeun, o ṣeun."