Ìkúnlẹ̀ Àgbà Lọ́jọ́ Ẹtì Rere

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ló kọ́kọ́ pàdé wa, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró igbá tó ń ha agbada. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, ní Ìlọ́fà, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Èmi àti ìyá tó bí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Omi kò kan ọ̀fun wọn láti àárọ̀. Èmi tí mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta kí a tó kúrò nílé, èmi gan-an ni mò ń ráhùn ebi.

"Yèyé, ọ̀nà ulé wa kọ́ rèé."

"Mo mọ̀. Máa bọ̀."

Ilé àbúrò wọn la ń lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti kí ara wọn kẹ́yìn. Ẹnìkan ló ká obì lórí igi tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ni ìyá àgbà bá dúró láàrin ọjà, wọ́n pe àbúrò wọn lólè. Nígbà tó yá, ẹni tó ká obì jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kò tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Láti ìgbà náà ni àbúrò wọn kò ti dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àlùfáà sọ bí wọ́n ṣe kan ẹni tí kò jalè mọ́ àgbélébùú láàrin olè méjì. Ìyá àgbà bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àbúrò wọn ló ń yan gàrí náà. Ó rí wa, ó sì tún tẹjú mọ́ agbada. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Bíbélì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Níbo la ti rí ẹ̀gbọ́n tó ń kúnlẹ̀ fún àbúrò?

"Mo purọ́ mọ́ ọ. Dárí jì mí."

Ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Inú bí mi sí i, kí n má purọ́. Ìgbà tí gàrí ń jóná ni mo tó mọ̀ pé omijé kò jẹ́ kó ríran.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lójú ọjà lẹ ti pè mí lólè."

"Ọjà náà ni mo í lọ. Lójú gbogbo wọn ni n ó ti wí i."

Ó fà wọ́n dìde, ó bu omi fún wọn, wọ́n sì fi ṣínu. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá àgbà lọ wí i lóòótọ́, ojú sì tì mí ju bó ti tì wọ́n lọ.

Mo ti gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún láti ìgbà náà. Mo ní àbúrò kan ní Ìlọrin, mo ti dójú tì í lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Àwọn ará ilé ní kí n fara balẹ̀, àgbà ni mí, òun ni yóò wá. Ó dùn mọ́ mi nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì ń tì mí. Mo lè gbààwẹ̀ dalẹ́ báyìí láì ráhùn. Orúnkún mi ni kò tíì gbọ́ràn.