Fọ́tò Ìbejì Tó Wà ní Pálọ̀ Wa

Òórùn náà ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn tó gbé e tó wọlé. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni, ọjọ́ ìbí mi. Bùsọ́lá, àbíkẹ́yìn mi tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, àti ọkọ rẹ̀ gbé nǹkan pẹrẹsẹ kan wọlé, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé. Kí wọ́n tó tú u rárá ni òórùn ọ̀dà ti gba gbogbo pálọ̀. Mo ní, "Kí lèyí? Ṣé ẹ fẹ́ kun ilé fún mi ni?" Bùsọ́lá ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ ná." N kò fara balẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn láti kékeré, kò sì mú oore wá fún mi rí.

Wọ́n tú bébà. Fọ́tò èmi àti Táyé, èkejì mi, ni, èyí tó máa ń wà lókè tẹlifísọ̀n. Bùsọ́lá ti gbé e lọ láti oṣù kan, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ tó sán. Èmi náà gbà á gbọ́, ẹ wo òmùgọ̀ mi. Wọ́n ti ki fọ́tò náà bọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin sórí aṣọ líle kan, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, ojú wa pọ́n bí osùn, irun wa sì ní àwọ̀ ewé. Nínú èkejì, a ní ojú yẹ́lò àti ètè búlúù. N kò ní lè ka ìyókù fún yín. Wọ́n ní ohun tó lòde báyìí nìyẹn, pé àwọn èèyàn ń fi fọ́tò ara wọn ṣe é láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, tàbí láti fi ta ara wọn lọ́rẹ. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò Ajílósùn ló bá wọn ṣe é, wákàtí méjì péré ló sì gbà á.

Mo dúpẹ́. Kí ni n bá ṣe? Owó ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Délé, aládùúgbò mi tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ti súnmọ́ ọn, omi ti gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Háà, Táyé! Ẹ wo ojú ọmọ yẹn. Ẹ wo èjí ẹnu rẹ̀." Ọkọ Bùsọ́lá ní kì í ṣe ẹni tó ní èjí ni Táyé, ẹnìkejì ni. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èwo ni èwo, nínú pálọ̀ mi, lọ́jọ́ ìbí mi. Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnì, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ti sú mi láti bí ọdún márùn-dín-láàádọ́ta, mo sì ti pa ẹnu mi mọ́ títí ó fi di àìsàn sí mi lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ kò lè rí ògiri kí ẹ má gbé nǹkan kọ́ ọ.

Ìjìgbò ní Adó-Èkìtì ni wọ́n bí wa sí, nínú agboolé bàbá bàbá wa. Ní ìparí àwọn ọdún sẹ́fíńtì yẹn, ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ti bíríkì lọ, páànù orí wọn sì ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá. Bàbá wa jẹ́ tíṣà, ó tún ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá wa ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Òwúrọ̀ a máa mú òórùn èéfín àti ìrì wá, àwọn ìyàwó ilé a máa gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ìrókò, àwọn ọmọ a sì máa jìjàdù àtilọ síbi omi kí ìlà tó gùn. Èmi àti Táyé kì í jìjàdù. Òun ló máa ń sá lọ ṣáájú gba ààyè fún wa, èmi a sì máa gbé garawa méjèèjì tẹ̀ lé e, mo ń kùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Táyé ló kọ́kọ́ ń jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn lórí èyí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ni àbúrò, mo sì ń fi jẹ gàba lé e lórí gan-an. Èjí wà láàárín eyín òkè rẹ̀, tèmi pa dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a jọra débi pé kò sẹ́ni tó lè dá wa mọ̀, àfi ẹni tó bá wò wá dáadáa. Ìyá wa rán aṣọ kan náà fún wa, ó fi kọ́là funfun sí tèmi, ó fi bọ́tìnnì mẹ́ta sí àyà ti Táyé, kó lè mọ ẹni tí òun máa nà. Ẹ̀yìn ilé ni a ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Mélòó ni n óò kà nínú ẹgba Táyé tí mo jẹ? Nígbà tó yá, ìyá wa kò wo aṣọ mọ́, yóò kàn ní, "Ya ẹnu," a ó sì la ẹnu bí ẹran.

Nínú ọyẹ́ ọdún tí a wà ní kíláàsì kẹta ni èéyi wọ agboolé wa. Ó mú àwa méjèèjì. Èmi dìde.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Táyé kú. Wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì. Wọ́n ní ó lọ ṣẹ́gi. Mo bi wọ́n léèrè igbó tó lọ, wọ́n rán mi níṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ọmọ tó ru igi. Inú bí mi sí i gan-an pé ó lọ láìpè mí. Ẹ má rò pé nítorí pé mo jẹ́ ọmọdé kò fi dùn mí. Ó dùn mí débi pé mo ń dá ọkà sí nínú abọ́ mi dè é, tí èèrà á sì bò ó.

Ìyá bàbá wa ní kí wọ́n lọ bá agbẹ́gilére kan ní Ìgèdè, kó gbẹ́ ère Táyé, kí ìyá wa lè máa tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Ó ní, "Ìbejì éè gbọdọ̀ dá wà nínú ulé." Bàbá wa fárígá. Ère? Nínú ilé òun tí òun ń ka Bíbélì fún ìjọ? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo agboolé dá sí i. Ìyá wa nìkan ni kò dá sí i. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń bọ̀, ó ń ra búrẹ́dì méjì, ó ń ra súwítì méjì, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó di ọjọ́ kan, ó ní fọ́tò ni òun fẹ́. Bàbá wa wá inú Bíbélì títí, kò rí ibi tí wọ́n ti dẹ́bi fún fọ́tò. Wọ́n bá gbà.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kò sẹ́ni tó ya Táyé ní fọ́tò rí.

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà lè máa ṣe háà, ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tògíráfà ìgbà yẹn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbejì tó kù ni wọ́n máa yà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì fọ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, bíi pé wọ́n jọ jókòó. Ìyá wa mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan nítòsí Ọjà Ọba, tí gbogbo ìlú ń pè ní Símáìlì nítorí pé ohun tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kódà fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó sì mọ ohun gbogbo ju ẹni gbogbo lọ. Òórùn ọ̀dà àti kẹ́míkà kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ìgò ọ̀dà wẹ́wẹ́ tó fi ń kun fọ́tò dúdú àti funfun, òwú ló sì ń wé mọ́ igi ìṣáná láti fi kùn ún.

Mo kọ́kọ́ jókòó nínú aṣọ ọlọ́kọ́là mi. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa bọ́ ọ, tó wọ aṣọ Táyé fún mi. Ó de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Símáìlì ní, "Má mira rárá o. Bí o bá jókòó jẹ́jẹ́, Táyé á wọlé." Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kí n má baà mira nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi gbà á gbọ́. Mo sún dé etí àga kí àyè lè gba Táyé. N kò mí. Mo fẹ́ kó wá, mo fẹ́ kó wá ju ohunkóhun tí mo tíì fẹ́ láyé lọ.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, ìyá wa sọ fún un nípa èjí. Ó ní, "Àbúrò ló ní èjí o. Àbúrò ni kí ẹ fi sí lẹ́nu." Símáìlì ní òun ti gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ṣe é. Ọjọ́ tí Bàbá gbé e wálé, gbogbo agboolé péjọ. Símáìlì ti fẹ̀ ẹ́ di ẹ̀ńlájì ńlá, ó kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ní pupa, ó kun aṣọ ní búlúù. Mo ti ara mi láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, mo ń wá Táyé. N kò rí i. Èmi ni mo rí, èmi méjì, mo tẹjú bákan náà. Èjí tí ó fi ọ̀dà dúdú yà sì wà lẹ́nu ọlọ́kọ́là, lẹ́nu èmi! Oníbọ́tìnnì, tó yẹ kó jẹ́ Táyé, pa eyín dé.

Bàbá ránṣẹ́ pe Símáìlì. Ó dé, ó ní òun kò ṣe àṣìṣe kankan. Ṣebí àbúrò ni wọ́n ní? Ta ló kẹ́yìn jáde nínú Táyé àti Kẹ́hìndé? Ẹni tó kẹ́yìn jáde ni àbúrò, bí ilé ìwé ṣe ń kà á nìyẹn. Ìyá bàbá wa bi í bóyá ilé ìwé ló bí ìbejì. Ariwo ta. Àwọn àgbàlagbà dúró lágbàlá, wọ́n ń jiyàn ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kò sí láyé mọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí, orí mi máa ń gbóná.

Ìyá wa kò bá wọn pariwo. Ó gbé fọ́tò náà lé itan, ó wo aṣọ, ó wo ẹnu, ó tún wo aṣọ. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Án tún ti pààrọ̀ aṣọ," ó ní. "Àwọn ọmọ yìí! Án tún ti pààrọ̀ aṣọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí Táyé ti lọ. Nígbà tí Símáìlì na ọwọ́ láti gbà á lọ tún ṣe, kò fún un.

Mo kígbe pé, "Táyé kọ́! Èmi ni méjèèjì!" Ó fà mí wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n máa rí i bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kí fọ́tò náà láàárọ̀ títí ó fi darúgbó, títí ó fi kú, ni fọ́tò bá di tèmi. Bí mo ti ń wò ó lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ló lé Táyé kúrò nínú iyè mi. Bí mo bá pa ojú dé láti rántí rẹ̀, ojú ara mi ni mo ń rí, pẹ̀lú ọ̀dà dúdú lẹ́nu.

Ní Sátidé yẹn, mo nu ọwọ́, mo jáde láti kíṣìnì, mo sì sọ fún wọn. Mo ní èmi ni èyí, èmi sì ni ìyẹn, èmi mẹ́jọ ni wọ́n kun ní ọ̀dà síbẹ̀. Ìyá Délé tún lọ súnmọ́ ọn, ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Símáìlì lo ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ Ajílósùn lo wákàtí méjì, kò sì sí èyí tó bi mí ní nǹkan kan nínú wọn. Òwú ti di kọ̀ǹpútà. Ẹni tó pàdánù ènìyàn kò tíì yí padà, ó ṣì ń fẹ́ rí ohun tí kò sí níbẹ̀. N kò lè bá ọmọ mi jà nítorí ìyẹn.

Bùsọ́lá jókòó tì mí. Ó ní, "Mọ́mì, báwo wá ni ojú rẹ̀ ṣe rí gan-an?"

Mo la ẹnu. Ojú kò wá. Ohun tó wá ni ẹ̀yìn rẹ̀: ọrùn tínrín, ìparí irun dídì méjì, gìgísẹ̀ tí erùpẹ̀ Ìjìgbò bò, tó ń sá lọ síbi omi láti gba ààyè fún mi. Èmi tí mo kẹ́yìn wá, tí mo sì ń tẹ̀ lé e káàkiri, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n jù. Mo sọ ọ́ fún Bùsọ́lá bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n wá ìṣó kí wọ́n gbé àwọn aláwọ̀ ewé wọn kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù fún mi, kò sì sí ẹni tó lè yà á fún mi.